Ẹni Tó Gbọ́ Ló Ń Parí Ìròyìn

 Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni ẹ̀kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fi kádìí ọdún mẹ́rin rẹ̀ ní yunifásítì, pàápàá ní ìlú Kàdúná yìí. Èrò mi ni pé ọdún méjì àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ẹnu: bí a ṣe ń kọ ìròyìn, bí a ṣe ń kà á lórí afẹ́fẹ́, bí a ṣe ń ya àwòrán. Ọdún méjì tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti etí: bí ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ fún, àti ohun tí onítọ̀hún gbọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Òwe yìí la fi máa ń yin olóye, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọwọ́ olùgbọ́ ni ìdajì ọ̀rọ̀ wà. Àrokò ayé àtijọ́, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi nǹkan rán dípò ọ̀rọ̀, jẹ́rìí sí i. Bí Yorùbá bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ síra wọn nígbà náà, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọ ń dún létí wa. Bí a bá fi àrokò kan náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ni yóò rí.

Ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dójú àmì ni Kàdúná. Ní Zaria tó wà nítòsí ni ìwé ìròyìn Haúsá Gaskiya Ta Fi Kwabo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí Abubakar Imam sì jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé ìròyìn náà ń fi èdè Haúsá ṣàlàyé ogun ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn tí kò fojú kan Jámánì rí. Ní 1962, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1966, ìwé ìròyìn New Nigerian jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti ń gba ẹnu èdè púpọ̀ kọjá ní ìlú kan ṣoṣo. Ẹ wo ohun tó lè sọnù lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kan ẹnìkan, Haúsá á ní “ana zarginsa”, Yorùbá á ní “wọ́n fẹ̀sùn kàn án”. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tó di ọ̀rọ̀ inú ọjà, ẹ̀sùn lè já bọ́, kó wá ku “ó jalè.” Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ti dẹni ẹ̀bi ní àdúgbò.

Ìlú yìí mọ ohun tí àìkọbi-ara sí etí lè fà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2002, gbólóhùn kan nípa Ànọ́bì Muhammad jáde nínú ìwé ìròyìn ThisDay, nínú àpilẹ̀kọ kan lórí ìdíje ẹwà Miss World tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Nàìjíríà. Ó dun àwọn Mùsùlùmí gan-an. Ní ọjọ́ 20, wọ́n dáná sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Kàdúná. Rògbòdìyàn gba ìlú, ó lé ní igba ènìyàn tó kú, wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí London. Èkó ni wọ́n ti kọ gbólóhùn náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, àmọ́ ó dé ìlú tí Haúsá jẹ́ èdè ọjà. Ìwé ìròyìn náà tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ìbínú máa ń yára ju àforíjì lọ. Ẹnìkan lè ní ìṣèlú ló fa ìjà, pé rògbòdìyàn tó wáyé lórí òfin Ṣaríà ní 2000 ti pín ìlú sí méjì kí gbólóhùn yẹn tó jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń sọ̀rọ̀ etí. Ìbẹ̀rù àti ọgbẹ́ 2000 ni olùgbọ́ fi kún ìdajì tó kù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ ìròyìn nìkan kò lè rí ọgbẹ́ yẹn. Ẹni tó kọ́ nípa etí ni yóò béèrè nípa rẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí lóríṣiríṣi ọ̀nà. Paul Lazarsfeld àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn olùdìbò lẹ́yìn ní Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1940. Wọ́n rí i pé ìròyìn sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí aráàlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kó tó ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ní 1973, Stuart Hall ní Birmingham ṣàlàyé pé olùwòran lè gba iṣẹ́ bí wọ́n ṣe fi rán an, ó lè gba apá kan, ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Frank Ugboajah, ọmọ Nàìjíríà, ní ká má ṣe fojú kéré ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ àbáláyé: ìlù, ọjà, akígbe ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ka orúkọ wọ̀nyí bí ẹni ka oríkì nígbà ìdánwò. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí wọ́n gbé ìmọ̀ náà lọ sí àdúgbò bíi Tudun Wada tàbí Sabon Tasha ní Kàdúná, kí wọ́n wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní agbanisíṣẹ́ kò béèrè etí, pé kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń béèrè, àti pé àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà ti pín ẹ̀kọ́ náà sí ẹ̀ka-ẹ̀ka báyìí: iṣẹ́ ìròyìn, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà, fíìmù. Mi ò ní ká pa kámẹ́rà tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òní lè di ògbólógbòó lọ́dún mẹ́ta, etí kì í di ògbólógbòó. Ẹ̀ka yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ wà, olùgbọ́ kan náà ló ń dúró dè é. Àwọn mìíràn á ní WhatsApp ti pa alágbàsọ run, ìyẹn ẹni tó ń gba ìròyìn tó sì ń tún un sọ fún ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ńṣe ló sọ gbogbo wa di alágbàsọ: ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń rìn láti fóònù dé fóònù láìmọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ti owó àti àkókò, iṣẹ́ tí mo ń dábàá kò wọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí èdè abínibí wọn yàtọ̀ jọ mú ìròyìn ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n gbọ́ bí rédíò ṣe kà á ní Haúsá, kí wọ́n sì lọ bá ogún ènìyàn ní àdúgbò méjì pé kí wọ́n tún un sọ lẹ́nu ara wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti já, ibi tó ti lé, ibi tí ìbẹ̀rù ti wọlé, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni kó jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn.

Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá, yóò ní àkọsílẹ̀ bí ìlú yìí ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, irú èyí tí olóòtú lè yẹ̀ wò kó tó tẹ gbólóhùn tó lè pa ènìyàn. Ẹyin lohùn; a ti rí èyí tó fọ́ ní Kàdúná. Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ọdún kẹrin báyìí.