Ayé yìnyín tó jìnnà réré



Gbogbo wa la mọ àgùàlà, èyí tí àwọn kan ń pè ní ajá oṣù. Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀. Ayé kan ni, ó ń yí oòrùn po bí ayé tiwa. Ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan: àwọn ìràwọ̀ ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n òun á ti ṣípò láàárín wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀nà yẹn náà ni ọmọ àgbẹ̀ kan fi rí ayé mìíràn tó ń jẹ́ Pluto.

Clyde Tombaugh ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òjò yìnyín rọ̀, ó ba gbogbo ohun tí wọ́n gbìn sóko jẹ́. Bí kò ṣe lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ́ nìyẹn. Ó dúró sóko. Ó fi irin ọkọ̀ ògbólógbòó àti irin ẹ̀rọ oko ṣe awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lọ̀ dígí rẹ̀ títí ó fi dán. Ohun tó bá rí lálẹ́, á yà á sórí ìwé. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé àwọn awòràwọ̀ ní Flagstaff. Ìwé yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ní 1929.

Iṣẹ́ sùúrù ni o! Wọ́n á ya fótò apá kan ojú ọ̀run, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á tún ya ibẹ̀. Clyde á wá fi méjèèjì wéra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ bí iyanrìn, bóyá ọ̀kan ti ṣípò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1930, ó rí ọ̀kan. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ojú lásán kò lè rí Pluto. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú 8. Kó tó dé ọ̀hún, ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 5 ààbọ̀. Ọdún 248 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Láti 1930 di òní, kò tíì yí i po tán. Òtútù ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ: omi le bí òkúta, òun ló di òkè ńlá ńlá. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń mí níhìn-ín, ńṣe ló dì sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ sọ pé ayé 9 ló ń yí oòrùn po. Ti ìsinsìnyí sọ pé 8. Pluto kò sọnù o. Ó kéré ju òṣùpá wa lọ, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ mìíràn lọ́hùn-ún. Ní 2006 àwọn onímọ̀ pàdé, wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ńlá. Àwọn kan ṣì ń bá wọn jà lórí rẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ ló yí padà.

Lọ́dún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfuurufú kan lọ síbẹ̀, New Horizons, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ó rìn ju ọdún 9 lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2015, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto, ó sì fi fótò ránṣẹ́: pápá yìnyín funfun báláú. Wọ́n fi orúkọ Tombaugh sọ apá ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1997, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tó ń kọjá.