Abẹ́rẹ́ Tí A Fi Ń Yẹ Kókó Wò
Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí ojú mi rí, tí mo sì wádìí, ni mo fẹ́ sọ.

Àbúrò mi obìnrin rí kókó ní ọmú rẹ̀. Ó fi í pamọ́ fún oṣù 8, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà wí fún un pé bí irin bá kan irú kókó bẹ́ẹ̀, yóò bínú, yóò sì ràn ká ara. Nígbà tí ó sọ fún mi, èmi tí ẹ ń pè ní tíṣà kò mọ èsì tí n ó fún un. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni dókítà kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà. Dókítà ní bí a bá ti tètè wá ni, bóyá kókó náà nìkan ni wọn ìbá yọ.

Abẹ́rẹ́ yìí kò nípọn tó mìlímítà 1. Dókítà yóò fi ọwọ́ kan di kókó mú, yóò fi èkejì gún un, yóò sì fa díẹ̀ jáde. Wọn a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọn a pa á láró bí aláró ti ń pa aṣọ, wọn a sì fi máíkírósíkóòpù wò ó. A kì í kun ènìyàn lóorun nítorí rẹ̀. Nígbà mìíràn omi lásán ni yóò jáde, kókó a sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀! Kì í ṣe ohun àná: ní ọdún 1930 ni Martin àti Ellis ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York.

Ní ti ìbínú kókó, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yìí tó gbin àrùn sí ibòmíràn. Jẹjẹrẹ tí a kò tọ́jú a máa ràn fúnra rẹ̀, irin ìbáà kàn án, ìbáà má kàn án.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lè ṣi ibi tí àrùn wà gún. Bí èsì bá ní kò sí nǹkan, tí kókó sì ń dàgbà, ẹ padà lọ. Wọ́n lè lo èyí tí ó nípọn jù ú lọ, tí ń gé ẹran díẹ̀.

Àbúrò mi wà níjòókòó níhìn-ín. Òun ni ó rán mi níṣẹ́ yìí, ó sì ní kí obìnrin tí ó bá ní ìbéèrè wá bá òun lẹ́yìn ìpàdé.