Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ, Ẹ̀kọ́ Owó

Ní ọdún 2005, ìyàn mú ní orílẹ̀-èdè Niger. Ó mú púpọ̀ ní Maradi, àgbègbè tí ó bá ìpínlẹ̀ Katsina wa pààlà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ibẹ̀ fi ku egungun lásán. Ohun tí ó ya àwọn àjòjì lẹ́nu ni pé Maradi wà lára àwọn ibi tí oúnjẹ oko ti ń pọ̀ jù ní ilẹ̀ náà. Lóòótọ́, ọ̀dá àti eéṣú ti ba irè oko jẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú. Síbẹ̀síbẹ̀, jéró ń bẹ lórí àtẹ ní ọjà. Owó tí ìyá ọmọ yóò fi rà á ni kò sí.

Èyí ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn bí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ìyá aláìní, ní Niger àti ní ìhà Àríwá ilẹ̀ wa. Ní Borno àti Yobe, níbi tí ogun ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lórí oko wọn, àwọn obìnrin a máa péjọ sí àgbàlá ẹnì kan láti se oúnjẹ ọmọ tí a ń pè ní Tom Brown. Wọn a bu ọkà bàbà tàbí jéró tàbí àgbàdo ní ìwọ̀n mẹ́fà, ẹ̀wà sóyà ní ìwọ̀n mẹ́ta, àti ẹ̀pà ní ìwọ̀n kan. Wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì sè é bí ẹ̀kọ mímu.

Wọ́n tún ń kọ́ bí a ti í fi ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ. Bí apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀já yóò bọ́ sí àwọ̀ pupa, ìyá yóò sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró. Ìyá tí kò mọ ìwé kà mọ àwọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra sóyà nígbà tí olùkọ́ bá ti padà sílé? Gbèsè a máa mú kí àgbẹ̀ ta ẹ̀wà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nígbà ìkórè. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí àká ti ṣófo, òun kan náà ni yóò tún ra ẹ̀wà ní ọ̀wọ́n. Ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí a máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ẹyin dára fún ọmọ, ẹ̀sín ni.

Ní Maradi yìí náà ni ẹgbẹ́ aláàánú CARE ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kejì ní ọdún 1991. Mata Masu Dubara ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Haúsá, èyíinì ni, àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n-inú. Ó jọ èésú wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe èésú. Nínú èésú, ẹni tí ó kàn ni í kó gbogbo owó lọ. Ní tiwọn, owó tí wọ́n ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà lójú kan. Ẹni tí ó bá yá nínú rẹ̀ yóò dá a padà pẹ̀lú èlé, gbogbo wọn yóò sì pín owó àti èlé ní òpin àkókò tí wọ́n dá. Ọ̀nà náà ti tàn káàkiri Áfíríkà. Ní ibi púpọ̀, àgádágodo mẹ́ta ni ó wà lára àpótí owó, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má ba à dá a ṣí. Ọkọ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lóru pàápàá kò rí i ṣí.

Níbi ọjọ́ ìpín gan-an ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé. Bí a bá pín in nígbà ìkórè, aṣọ àti ìgbéyàwó yóò gbé e lọ. Bí a bá pín in kí ọ̀wọ́n tó dé, yóò di jéró àti ẹ̀wà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá ń náwó sí ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí yóò ṣe dáadáa bí ó bá so wọ́n pọ̀, ní àgbàlá kan náà, ní ọjọ́ kan náà. A kò sọ pé ẹ̀kọ́ lè rọ́pò òjò, tàbí àlàáfíà ní Borno.

Ó ku àwọn ọkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ wọn ni àká wà. Ní Zinder, àgbègbè tí ó bá Maradi pààlà, a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọkọ sílẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ti jókòó jíròrò lórí ìlera aya àti ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí a pe tiwa náà sí àgbàlá tí a ti ń se Tom Brown.