Ọ̀sán Tí Ó Di Òru ní Príncipe

Ẹ ti rí onífọ́tò níbi ìnáwó rí: gbogbo ènìyàn ń jó, òun kò ráyè jó. Irú onífọ́tò bẹ́ẹ̀ ni Arthur Eddington ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1919.

Ìlú Kendal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1882. Ọmọdé ni nígbà tí baba rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, kú. Síbẹ̀ ó kàwé títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ ní Cambridge.

Albert Einstein ti sọ pé bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá gba ẹ̀bá oòrùn kọjá, yóò tẹ̀ díẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí òótọ́ ni? Ìràwọ̀ kì í hàn lọ́sàn-án, àfi bí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá. Nígbà náà ni kí a ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ó yí oòrùn ká, kí a sì fi wé èyí tí a yà lóru nígbà tí oòrùn kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Eddington àti Cottingham, oníṣẹ́ aago, wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Príncipe, erékùṣù kékeré kan nínú òkun kan náà tí ó kan Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò oṣù Karùn-ún, kò ní yà yín lẹ́nu pé òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò tán. Òkùnkùn náà kò sì ju bí ìṣẹ́jú 5 lọ! Eddington ń ti àwo gíláàsì kan bọ inú ẹ̀rọ, ó ń yọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó gbójú sókè. Àwòrán 16 ni wọ́n yà. Méjì ni ó wúlò, ìràwọ̀ 5 ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tó. Àwọn ìràwọ̀ náà ti yẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó súnmọ́ èyí tí Einstein ṣírò. Àwòrán tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral, ní Brazil, gbè é lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ojú a máa rí, a sì máa gbàgbé. Àwòrán a máa dúró de ẹni tí yóò tún un yẹ̀ wò. Eddington kú ní 1944. Ní 1979, wọ́n fi ẹ̀rọ titun wọn àwọn àwòrán Sobral lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rí wọn kò sì yí padà.