Ọkọ̀ Pákó Tí Ó Dé Orí Yìnyín



Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá ẹlẹ́ja kan kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní, "Tíṣà, n kò wá mọ́. Ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín." Àwa tí a ń kọ́ àgbà níwèé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ìtàn kan rèé.

Ẹ ti rí àwọn tí ń ti ọmọlanke ní ọjà Alábà. Eré kan wà tí ó jọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni bobsled. Ènìyàn méjì a ti ọkọ̀ sáré lórí yìnyín, wọn a fò sínú rẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni iwájú a máa darí rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni ó ń fi bíréèkì dá a dúró. Eré rẹ̀ a máa ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Àfi yìnyín inú fíríìjì!

Ní 2016, Ṣeun Adigun, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Amẹ́ríkà, pinnu pé Nàìjíríà náà yóò ṣe eré yìí. Ó ti sáré fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Kò ní ọkọ̀, kò ní yìnyín. Ó wá pákó, ó sì kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó pe Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, tí àwọn náà jẹ́ asáré. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń tì í àti bí a ti ń fò wọ inú rẹ̀. Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ará ayé, wọ́n sì rí i.

Ní oṣù kejì 2018, wọ́n dé Òlíńpíìkì ní Pyeongchang, ilẹ̀ Kòríà. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó gbé bobsled débẹ̀ rí ṣáájú wọn. Ṣeun àti Akuoma wọ ọkọ̀. Ogún ni àwọn tí ó díje. Ipò wo ni tiwa? Ipò ogún ni!

Ṣé ìtìjú ni? Rárá o. Ẹni tí kò jáde nílé kò ní ipò kankan.

Ìwé tí ẹ mú dání yìí, ọkọ̀ pákó tiyín nìyẹn. Ẹni tí ó bá rí ìyá ẹlẹ́ja lọ́la, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún un pé ìjókòó rẹ̀ ṣì wà.