Kì í Ṣe Ooru Nìkan: Ohun Tó Ń Mú Ẹran Afàyàfà àti Kòkòrò Yára Dàgbà

N kò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gba àkókò yín. Ìyára ìdàgbà ni mo ń sọ: bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹyin tó pa, kí ìdin tó di kòkòrò tó ń fò, kí ọmọ alángbá tó tó gùn. Kòkòrò àti ẹran afàyàfà kì í sábà dá ooru ara wọn pèsè bíi tiwa. Ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ti ń rí i gbà. Ó tán.

Láti 1735 ni Réaumur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ́ wa pé a lè ka ooru ojoojúmọ́ pọ̀ bí ẹni ń dá àjọ. Irúgbìn ló ń wò nígbà náà. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ló wá gba ìṣirò náà lò. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan tó jẹ́ pé bí ooru ọjọ́ kan kò bá kọjá rẹ̀, kò sí ohun tó wọnú àjọ. Bó bá kọjá, èyí tó fi lé ni a ń kà, títí yóò fi pé tí ẹyin yóò sì pa. Ìṣirò náà dára, àwọn àgbẹ̀ ń fi mọ ọjọ́ tí kòkòrò yóò yọ sí oko. N kò bá Réaumur jà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ni mo ń bá jà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, àwọn tó ní bí tẹmómítà bá ti wà lọ́wọ́, a ti mọ ohun gbogbo. Díẹ̀ nínú wọn ń rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yìí báyìí; mo rí yín.

Ẹ wo ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, Anopheles gambiae. Ní 2003, Bayoh àti Lindsay tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde: inú ooru 28°C sí 32°C ni tanwíjí ti yára di ẹ̀fọn jù. Ṣùgbọ́n níbo ni èyí tó pọ̀ jù ti dàgbà yọ? 22°C sí 26°C ni. Ibi tí ìdàgbà ti yá jù kọ́ ni wọ́n ti yè jù. Ẹni tó ń ka ọjọ́ nìkan kò ní kọ òkú tanwíjí sínú ìwé rẹ̀.

Ó wá kan alángbá. Ẹ mọ̀ mí mọ́ ọn, ẹ gbà mí láyè. Ìbàdàn ni V. A. Harris ti ṣọ́ alángbá kí ó tó kọ ìwé rẹ̀, The Life of the Rainbow Lizard, tó jáde ní 1964. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń lúgọ sẹ́yìn ilé tí à ń gbé, mo ń wo abo alángbá bó ti ń fi imú àti èékánná gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi a sì máa bi mí bóyá orí mi pé. Ihò náà kì í jìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń yàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rin, koríko sì gbọ́dọ̀ ṣíji bò ó. Ẹyin 5 sí 7 ló sábà ń yé, wọ́n sì ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Oòrùn, omi àti ibòji, ìyá yìí wá gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùwádìí ńkọ́? Ẹ ó kó ẹyin sínú ẹ̀rọ, ẹ ó tẹjú mọ́ ìwọ̀n ooru, ẹ ó gbàgbé omi. Èèpo ẹyin alángbá kò le bíi ti adìẹ. Ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì ń wú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹyin á hunjọ, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á kú, ẹ ó sì wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ooru ló fà á.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ta ló wá lè wo ẹyin kó mọ èyí tó jẹ́ akọ? Ní 1966, ní Dakar, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charnier sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nípa ẹran afàyàfà: ẹyin alángbá tó wà nínú ooru 26°C sí 27°C, abo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn; ní 29°C, akọ. Iṣẹ́ náà ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, alángbá ara ògiri wa ló sì fi ṣe é, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ayé tó kà á sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ, wọ́n pariwo pé, “Ooru náà kọ́ yẹn?” Rárá o. Bí ooru bá jẹ́ owó àjọ lásán, kí ló kàn án pẹ̀lú akọ tàbí abo? Ẹ tún wo ọ̀ọ̀nì odò Náílì: ooru àárín ló ń mú akọ wá, bó bá tutù sí i tàbí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo ló ń pọ̀. Iṣẹ́ ooru ju kí ó máa sáré lọ.

Alága ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n yára.

Oúnjẹ. Inú afárá oyin kan náà, ooru kan náà, irú ẹyin kan náà: oyin òṣìṣẹ́ ń lo ọjọ́ 21 kó tó jáde, ayaba ń lo 16. Oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ wọn ló yàtọ̀. Àwọn tẹmómítà kò tíì dá mi lóhùn lórí èyí. Nínú ẹ̀wà tí wọ́n yẹ̀ wò ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n rí irú kan, TVu 2027, tí ìdin tó ń jẹ inú rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jáde, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú síbẹ̀.

Àsìkò. Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà ń yé ẹyin sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin náà yóò ti máa sinmi jálẹ̀ òjò. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń wọlé bọ̀ ni yóò tó pa. Síbẹ̀, nínú ìdánwò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ ọ́ pé ìgbà yìnyín ni kòkòrò fi ń sinmi! Yìnyín wo, ní Ọ̀yọ́? Ti ẹran afàyàfà náà rí bẹ́ẹ̀: ní Madagásíkà, agẹmọ kan, Furcifer labordi, ń lo oṣù 8 sí 9 nínú ẹyin, ó sì ń lo oṣù 4 sí 5 péré láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣẹ tó ń ti inú ara wá, n ó kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1934, Wigglesworth fi kòkòrò amùjẹ̀ Rhodnius hàn wá: bí kò bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, kì í bọ́ awọ, inú orí rẹ̀ sì ni àṣẹ láti bọ́ awọ ti ń wá.

Afẹ́fẹ́ ló kù. Àpò tí a dì pinpin tí àwọn oníṣòwò fi ń tọ́jú ẹ̀wà báyìí kò ní oògùn kankan nínú. Ìdin inú ẹ̀wà ló ń mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, ìdàgbà rẹ̀ á dúró, òùngbẹ á sì pa á, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn náà ló fi ń rí omi sára. Ẹ̀yin tẹmómítà, mo ti ṣetán, ẹ bi mí.