Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹsẹ̀ Wíwọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ tiwa tẹ̀ ní orúnkún bí ọrun ọdẹ, pípọ̀n ni a dá lẹ́bi. Ọdún kan gbáko ni a fi fi í pamọ́ sínú ilé nítorí ìtìjú. A ṣìṣe. Àwọn dókítà wádìí rẹ̀ ní Jos níhìn-ín, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999: kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú eegun le, ni kò tó nínú oúnjẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ju ìdajì àwọn tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 24 lọ ni eegun wọn san. Ẹ̀kọ àti túwó nìkan kò tó. Ẹ fi nọ́nò kún un, ẹ lọ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ teegun-teegun sínú ọbẹ̀. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má baà di ti abẹ. Ẹni tí kò bá ní owó mọ́tò, kí ó dúró rí wa lẹ́yìn ìpàdé.